Fáìlì kan, òpin ìlà mẹ́ta: báwo la ṣe ń tún un tò láìba ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́?

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo máa ń kó àwọn fáìlì .txt jọ láti oríṣiríṣi ibi lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìwé àtijọ́, àkójọ ọ̀rọ̀, àti CSV díẹ̀ (àtẹ ìsọfúnni tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ lásán). Mo so púpọ̀ nínú wọn pọ̀ sínú fáìlì kan. Nígbà tí mo ṣí i, apá kan tò dáadáa, apá kan lẹ̀ mọ́ra di ìlà gígùn kan ṣoṣo, ibòmíràn sì ní ^M ní ìparí gbogbo ìlà. Mo ní kí ètò ìkọ̀wé mi fi àmì òpin ìlà tí wọ́n ń pè ní LF rọ́pò gbogbo èyí tí wọ́n ń pè ní CR, bí ẹnì kan ṣe kọ́ mi. Ńṣe ni ìlà òfìfo bọ́ sáàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà. Ṣé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni? Ètò wo ni kí n lò tí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà?"

Kí ọkàn yín balẹ̀ ná. Àwọn fáìlì tí ẹ dáńlóòdù kò bàjẹ́, ọ̀rọ̀ inú wọn pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe wọ́n kò lo àmì kan náà láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìlà parí síbí, ẹ̀yin sì kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ètò tí ẹ fi ṣí i wá ń fi òye tirẹ̀ ka àmì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín, ìyẹn LF tí ẹ ti fi rọ́pò CR káàkiri. Tí ẹ bá ṣì ní àwọn fáìlì náà bí ẹ ṣe gbà wọ́n látilẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Inú ẹ̀dà la ó ti ṣiṣẹ́. Tí ẹ kò bá ní wọn mọ́, màá sọ ohun tó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe tí a bá débẹ̀. Ní ti ètò tó ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ó wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ náà ló gbé yín dé ibi tí ẹ wà yìí. Ẹni tí kò tíì mọ irú àmì tó wà nínú fáìlì rẹ̀ kò tíì yẹ kó tẹ àṣẹ àtúnṣe kankan.

Nínú fáìlì ọ̀rọ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìlà. Báìtì, ìyẹn àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan, ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá tẹ Enter, ètò ìkọ̀wé yín á fi báìtì kan tàbí méjì síbẹ̀ tí ojú kì í rí. Ibi tí ètò míì bá ti bá báìtì yẹn pàdé ni yóò ti sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tuntun. Báìtì méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 13, tí wọ́n ń pè ní CR, àti èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10, tí wọ́n ń pè ní LF. Tí ẹ bá ń kọ àṣẹ, \r ni CR, \n ni LF. Windows ń lo méjèèjì pọ̀, CR ló máa ń ṣáájú. Linux àti Mac òde òní ń lo LF nìkan. Mac àtijọ́ ń lo CR nìkan.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ayé kò fi fẹnu kò sórí ẹyọ kan. Ẹ̀rọ teletype ló dá a sílẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó ní ojú tó ń tàn, ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà sórí bébà ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ẹ̀rọ náà ní láti ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun: kó dá orí tó ń tẹ lẹ́tà padà sí apá òsì, kó sì yí bébà sókè ní ìlà kan. CR ni àṣẹ àkọ́kọ́, LF ni ìkejì. Lẹ́tà mẹ́wàá ni Teletype Model 33 ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí rẹ̀ kì í sì í tètè padà dé apá òsì kí lẹ́tà tó kàn tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán CR ṣáájú: bí bébà bá ṣe ń yí lọ́wọ́ ni orí náà ń rí àyè padà. Nígbà tí ìlànà ASCII, tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, jáde ní 1963, àmì méjèèjì ti ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn tó ṣe Multics, ètò àtijọ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbà pé àmì kan ti tó nínú fáìlì, wọ́n mú LF. Unix jogún rẹ̀, Linux sì tẹ̀ lé Unix. CP/M, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà, di méjèèjì mú, DOS gbà á lọ́wọ́ CP/M, Windows gbà á lọ́wọ́ DOS. Apple mú CR nìkan fún Macintosh, wọ́n sì lò ó títí dé Mac OS 9, kí Mac OS X tó dé ní 2001 pẹ̀lú Unix nínú rẹ̀, tí wọ́n fi bọ́ sórí LF. Nítorí náà, fáìlì tí ẹnì kan kọ sórí Mac láàárín ọdún 1990 sí 1999, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ìgbà náà, CR nìkan ló ṣì máa wà nínú rẹ̀ dòní.

Ẹ wá wo ohun mẹ́ta tí ẹ rí. ^M kì í ṣe lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kọ. CR ni, bí àwọn ètò orí Linux àti Mac ṣe ń yà á nìyẹn: M ni lẹ́tà kẹtàlá nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì, 13 sì ni nọ́ńbà CR. Níbi tí ẹ ti rí i ní ìparí ìlà, fáìlì Windows ló wà níbẹ̀. Ètò náà lo LF, CR tó ṣẹ́kù kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Apá tó lẹ̀ mọ́ra di ìlà kan lè jẹ́ fáìlì Mac àtijọ́ tó ní CR nìkan. Tó bá jẹ́ Notepad àtijọ́, ètò ìkọ̀wé inú Windows, lẹ fi ṣí i ṣáá, ó lè jẹ́ fáìlì Linux lásán, torí CR àti LF pọ̀ nìkan ni Notepad mọ̀ títí di Windows 10 ẹ̀yà 1809, tó jáde ní 2018. Ìlà òfìfo yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Níbi tí CR àti LF ti jọ jẹ́ òpin ìlà kan, ẹ sọ CR di LF, LF tó ti wà tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, òpin ìlà kan bá di méjì. Níbi tí CR ti dá wà, àtúnṣe yín tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìlà òfìfo fi pọ̀ níbì kan tí kò sì sí níbòmíràn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wàhálà tí ojú rí kọ́ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe èyí tí ojú kò rí. Tí ẹ bá ní kí grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá ìlà tó parí sí ọ̀rọ̀ kan, kò ní rí i, torí CR ló parí ìlà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ bá fi àkójọ ọ̀rọ̀ méjì wéra, "ilé" inú ọ̀kan kò ní bá "ilé" inú èkejì mu, torí báìtì kan lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀kan nínú wọn. LF ni wc -l, àṣẹ tó ń sọ iye ìlà, ń kà, torí náà ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ CR nìkan lè fún yín ní òdo. Fáìlì àṣẹ fún bash, ètò tó ń gba àṣẹ lórí Linux, tó bá ní CR ní ìlà àkọ́kọ́ á sọ pé òun kò rí /bin/bash^M, ẹni tó ń wò ó á máa búra pé bash wà níbẹ̀. Èyí tó tún máa ń da ènìyàn lọ́kàn rú ni pé, lójú terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ, CR ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó ṣe nígbà teletype: ó ń gbé ibi ìkọ̀wé padà sí apá òsì láìsọ̀kalẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé e á gun orí ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé apá kan nínú ìlà ti pòórá. Kò pòórá. Ó ṣì wà nínú fáìlì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá dáńlóòdù lẹ́bi, àmọ́ dáńlóòdù fúnra rẹ̀ kì í sábà yí nǹkan padà. Bí báìtì ṣe wà lórí sáfà ni bíráúsà ṣe ń gbé e wá. FTP, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà, ló yàtọ̀: ó ní ọ̀nà kan tó ń gbé fáìlì bó ṣe wà, ó sì ní òmíràn, tí wọ́n ń pè ní ASCII, tó ń sọ òpin ìlà di irú èyí tí kọ̀ǹpútà tó ń gbà á ń lò. Àṣẹ unzip pẹ̀lú -a náà lè yí i padà bó ṣe ń tú fáìlì. Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà fáìlì, ń ṣe é lórí Windows tí wọ́n bá tan core.autocrlf. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sínú àpótí lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, CR àti LF pọ̀ ni bíráúsà fi ń rán an lọ, ì báà jẹ́ Linux lẹ ń lò. Ẹni tó bá wá ṣí fáìlì Windows lórí Linux tó fi ìpínrọ̀ méjì kún un pẹ̀lú ètò tí kò bìkítà, fáìlì rẹ̀ ti di àdàpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ohun tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ẹ ṣe gan-an: kéèyàn fi cat so fáìlì púpọ̀ pọ̀. Iṣẹ́ cat ni kó lẹ báìtì mọ́ báìtì. Kì í bi fáìlì léèrè ibi tó ti wá.

Àdàpọ̀ kan tún wà tí kò wá láti ọ̀nà yìí, ìyẹn CR méjì tẹ̀ léra kí LF tó dé. Ẹni tó kọ ètò kan lórí Windows ló sábà máa ń fà á: ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ \r\n, ètò náà sì tún ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó rí \n, ó sọ ọ́ di \r\n, àbájáde rẹ̀ sì di \r\r\n. Tí ẹ bá rí fáìlì tí ètò kan fi ìlà òfìfo sáàárín gbogbo ìlà rẹ̀ tí ètò mìíràn kò sì fi ìkankan síbẹ̀, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí a tó dé ibi àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí n yọ ohun méjì kan kúrò tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní wàhálà òpin ìlà. Tí ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ bá ń já wálẹ̀ ní bí lẹ́tà 70, láàárín gbólóhùn, tí kò sì kún ojú kọ̀ǹpútà yín, òpin ìlà rẹ̀ lè pé pérépéré. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló tẹ Enter síbẹ̀, bí àwọn tí ń pín ìwé ní fáìlì .txt, bíi Project Gutenberg, ṣe máa ń ṣe. Kò sí bí dos2unix, ètò tó ń tún òpin ìlà ṣe, ṣe lè so irú ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ kò sì lè fi gbogbo ara mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà ewì àti ìlà ìtàn. Èkejì ni kí ẹ̀ tàbí ọ́ di wúruwùru. Ìlànà tí wọ́n fi sọ lẹ́tà di báìtì ló fa ìyẹn, ó sì ní àtúnṣe tirẹ̀. Ẹ má tún méjèèjì ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tó fa ohun tí ẹ bá rí.

Ó wá kan wíwò. Lórí Linux tàbí Mac, àṣẹ file pẹ̀lú orúkọ fáìlì á sọ fún yín bóyá CRLF (CR àti LF pọ̀), CR tàbí àdàpọ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nìkan ló ń wò, nítorí náà ó lè má rí ohun tó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ fáìlì ńlá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni dos2unix -i. Kì í yí ohunkóhun padà; ó kàn ń ka iye òpin ìlà Windows, ti Unix àti ti Mac tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ bóyá ó ní BOM, ìyẹn àmì tí ojú kì í rí tó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kan. Tí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ irú kan ṣoṣo, fáìlì yẹn dọ́gba. Tó bá wà lábẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, àdàpọ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ lo cat -e: ìlà Unix á parí sí $, ìlà Windows á parí sí ^M$, CR tó dá wà á sì hàn bí ^M láàárín ọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà bíi ṣ àti ọ́ lè hàn bí M- pẹ̀lú nǹkan míì lẹ́yìn. Ẹ má bẹ̀rù, cat ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fáìlì yín. Lórí Windows, ètò ìkọ̀wé Notepad++ lè fi CR àti LF hàn bí àmì kékeré dúdú tí ẹ bá tan Show All Characters. Ẹ ṣọ́ra fún ètò ìkọ̀wé VS Code níbi àyẹ̀wò yìí. Ètò dáadáa ni, àmọ́ irú òpin ìlà kan ṣoṣo ló ń kọ sísàlẹ̀, kódà tí fáìlì bá jẹ́ àdàpọ̀, tí ẹ bá sì fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ á di irú kan láìbi yín. Ó dára fún àtúnṣe, kò dára fún àyẹ̀wò.

Èwo wá ni ká sọ gbogbo rẹ̀ dà? Tèmi ni pé kí ẹ tọ́jú ohun gbogbo sí LF, torí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò lórí Windows òde òní ló ń kà á láìjanpata, nígbà tí àwọn ètò orí Linux kì í fara mọ́ CR. Ẹ yọ àwọn fáìlì àṣẹ Windows bíi .bat sílẹ̀, CRLF ló tọ́ sí wọn, pẹ̀lú ètò Windows àtijọ́ èyíkéyìí tó bá kọ̀ láti ka LF. Àwọn kan máa jiyàn pé ẹni tó ń gbé orí Windows kí ló fẹ́ fi LF ṣe. Kò burú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń lo fáìlì náà, CRLF kò ní pa yín lára. Ohun tí kò dára ni kó wà ní méjì-méjì.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ ní ètò tó gbọ́dọ̀ tọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tó kọ́ yín ti ṣì yín lọ́nà. Níbi tí CR àti LF bá ti wà pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di LF kan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kan CR tó dá wà. Tí ẹ bá ṣe é ní ìdàkejì, ìlà òfìfo nìyẹn. Àṣẹ tí wọ́n ń dárúkọ jù, tr -d '\r', ń pa gbogbo CR rẹ́, kì í rọ́pò rẹ̀. Fún fáìlì Windows pátápátá, kò sóhun tó yá jù ú lọ. Fún apá tó ní CR nìkan, ó ń pa òpin ìlà rẹ́, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kan á lẹ̀ mọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, kò sì sí àmì tí ẹ ó fi mọ ibi tí ìlà ti já. Àṣẹ sed 's/\r$//' sàn díẹ̀, torí CR ìparí ìlà nìkan ló ń mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sed orí Mac lè má mọ ohun tí \r ń jẹ́. Èyí tí mo máa ń lò fún àdàpọ̀ ni perl -pi -e 's/\r+\n|\r/\n/g' pẹ̀lú orúkọ fáìlì. Ó ń mú CR kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí LF bá tẹ̀ lé, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di LF kan, ó sì ń sọ CR èyíkéyìí tó kù di LF. Ó yanjú ti Windows, ti Mac àtijọ́, àti \r\r\n lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ dos2unix lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé CRLF nìkan ló ń yí padà tí ẹ kò bá sọ nǹkan míì. Mac2unix lẹ ó fi kan àwọn CR tó dá wà lẹ́yìn náà.

Lórí Windows láìsí terminal, ẹ lọ sí Edit nínú Notepad++, lẹ́yìn náà EOL Conversion, kí ẹ yan Unix. Ìjàǹbá kékeré kan wà níbẹ̀: tí Notepad++ bá ti rò pé Unix ni fáìlì náà, kò ní jẹ́ kí ẹ yan Unix, bó tilẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀. Ẹ yan Windows ná, kí ẹ sì padà yan Unix.

Ẹ ní ẹ fẹ́ tún fáìlì púpọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeé ṣe: find . -name '*.txt' -exec perl -pi -e 's/\r+\n|\r/\n/g' {} + á wọ gbogbo fódà tó wà nínú fódà tí ẹ wà. Àmọ́ ẹ má ṣe fi irú fáìlì gbogbo sí ipò '*.txt' láé. Báìtì 13 àti 10 wà nínú àwòrán, orin, zip àti PDF, wọn kì í sì í ṣe òpin ìlà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe PNG mọ̀ pé irú àṣìṣe yìí á wáyé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi 13, 10 sínú báìtì mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo àwòrán PNG, tí wọ́n sì fi 10 kan tó dá wà parí rẹ̀: 137, 80, 78, 71, 13, 10, 26, 10. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ òpin ìlà kàn án, ètò tó fẹ́ ṣí àwòrán náà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú fáìlì míì kò ní ààbò yẹn. Àǹfààní dos2unix nìyí, torí ó máa ń fo fáìlì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Fáìlì .txt tó jẹ́ UTF-16, ìlànà kan tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, náà wà nínú ewu. Nínú rẹ̀, báìtì méjì ni CR, 13 pẹ̀lú òdo kan, tí tr bá sì yọ 13 nìkan, gbogbo báìtì tó tẹ̀ lé e á sún sípò tí kì í ṣe tiwọn, ọ̀rọ̀ á sì di ìsọkúsọ. Ẹ sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di UTF-8, irú ìlànà bẹ́ẹ̀ míì, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nínú UTF-8, ẹ kò ní ìṣòro yìí, nítorí kò sí bí 13 ṣe lè wà nínú àwọn báìtì tó para pọ̀ jẹ́ lẹ́tà bíi ẹ̀.

CSV gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹnì kan lè ti tẹ Alt+Enter nínú àpótí Excel kan, tí àdírẹ́sì fi wà ní ìlà mẹ́ta nínú àpótí kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá fi pamọ́ sí CSV, LF ló wà nínú àpótí yẹn, láàárín àmì àyọlò, CRLF ló sì parí ìlà gidi. Fáìlì yẹn jẹ́ àdàpọ̀ lójú dos2unix -i, àmọ́ kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ètò tó mọ CSV dáadáa ṣì lè kà á lẹ́yìn tí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di LF, torí àmì àyọlò wà níbẹ̀. Ètò tó kàn ń gé ìlà ní ibi tó bá ti rí LF á gé àpótí náà sí mẹ́ta, yálà ẹ tún un ṣe tàbí ẹ kò tún un ṣe. Tó bá jẹ́ èdè Python lẹ fi ń kọ ètò, ẹ fi newline='' ṣí i kí ẹ sì jẹ́ kí irinṣẹ́ csv inú rẹ̀ bójú tó o. Tí ìlà CSV bá ju iye tí ẹ retí lọ, ẹ wo àmì àyọlò kí ẹ tó wo òpin ìlà.

Fáìlì tó wá pẹ̀lú nọ́ńbà SHA-256 tàbí ìbuwọ́lù, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún un ṣe, torí báìtì kan tó bá yí padà ti tó láti mú kí nọ́ńbà náà má bára mu mọ́. Tó bá jẹ́ inú Git lẹ ń tọ́jú àkójọ yín sí, ẹ kọ * text=auto sínú .gitattributes, kí ẹ sì tẹ git add --renormalize . lẹ́ẹ̀kan.

Ó kù fáìlì tí ẹ ti yí padà yẹn. Tó bá jẹ́ pé Windows pátápátá ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn: gbogbo òpin ìlà ti di méjì, ẹ kàn máa sọ LF méjì-méjì padà di ẹyọ kan, ìlà òfìfo tó wà láàárín ìpínrọ̀ náà á sì padà sípò. Àmọ́ tiyín jẹ́ àdàpọ̀. Níbi tí ó ti jẹ́ LF tàbí CR nìkan tẹ́lẹ̀, LF méjì tẹ̀ léra túmọ̀ sí ìlà òfìfo gidi. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ẹyọ kan, gbogbo ìpínrọ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Kò sí àṣẹ tó lè mọ èyí tó jẹ́ tòótọ́ nínú méjèèjì, torí ẹ̀rí tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni CR tí ẹ ti yí padà. Tí ẹ bá mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí, ẹ lè gé e sọ́tọ̀ kí ẹ tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ojú ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní tèmi o, kí ẹ tún wọn dáńlóòdù yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ti gba àwọn fáìlì náà padà, ẹ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí fáìlì Mac tó parí sí CR bá ṣáájú fáìlì Linux tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà òfìfo, CR ìkíní àti LF ìkejì á pàdé, wọ́n á sì dà bí òpin ìlà Windows kan, ìlà òfìfo yẹn á sì lọ. Ẹ tún ṣọ́ fáìlì tí kò ní òpin ìlà kankan ní ìparí rẹ̀, torí cat á lẹ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fáìlì tó kàn. Dípò cat, ẹ lo awk 1 *.txt > ../gbogbo.txt, tó ń fi LF síbi tí kò bá ti sí. Mo gbé gbogbo.txt jáde kúrò nínú fódà náà kí ó má bàa di ọ̀kan lára àwọn tí ẹ ó so pọ̀ nígbà tí ẹ bá tún tẹ àṣẹ náà. BOM nìkan ni awk kò ní bá yín yọ. Dos2unix máa ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí náà tí -i bá fi BOM hàn lára fáìlì kan, ẹ fi dos2unix kan fáìlì yẹn kí ẹ tó so ó mọ́ àwọn yòókù.